Ẹ má lé wa síta tí dókítà bá ti dé

Sí ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, okun o. Bá a ṣe ń kí ara wa nìyẹn lọ́dọ̀ wa níbí, láti Kàbà dé Mọ̀pà dé Ìsánlú dé Ẹ̀gbẹ̀, mo sì fi kí yín tọkàntọkàn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, màmá mi gan-an ló máa ń ní kí n kà á sókè fún òun látìgbà tójú ẹ̀ ò ti fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, àmọ́ mi ò kọ lẹ́tà sí yín rí. Ohun tó mú mi kọ ọ́ báyìí ni ọ̀rọ̀ kan tí mo ti gbọ́ àìmọye ìgbà láàárín ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbé màmá lọ sọ́sibítù gbé e bọ̀: "Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró ti aláìsàn, ẹ bọ́ síta, dókítà ti dé."

Ẹni tó bá ti sun ọsibítù rí mọ ohun tí mò ń sọ. Bí aago mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án àárọ̀ bá ti lù, nọ́ọ̀sì á pàtẹ́wọ́, gbogbo wa á ká ẹní wa, a ó gbé fúláàsì àti báagì wa, ó di ìta. Dókítà á wọlé pẹ̀lú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀, wọ́n á dúró nídìí bẹ́ẹ̀dì bí ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́rin, wọ́n á ní màmá, báwo lara, màmá tí oorun ṣì wà lójú ẹ̀ tẹ́rù sì ń bà á á ní "a dúpẹ́, ó ti sàn díẹ̀", wọ́n á kọ ọ́ sínú fáìlì pé ó ti sàn, wọ́n á kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Èmi tí mo sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn, tí mo mọ̀ pé ó bì lẹ́ẹ̀mejì lóru, pé kò tíì tọ̀ látàárọ̀ àná, pé lọ́wọ́ ìdájí ó ń bá bàbá mi tó ti kú sọ̀rọ̀ bíi pé bàbá jókòó síbẹ̀, èmi wà lábẹ́ igi máńgòrò níta. Ìgbà tí wọ́n bá tó lọ tán ni nọ́ọ̀sì á yọjú, á na bébà sí mi, lọ ra ìbọ̀wọ́, lọ ra abẹ́rẹ́, lọ ra omi dríìpù, sáré gbé ẹ̀jẹ̀ yìí lọ sí láàbù, kó o sì sanwó kó o tó padà. Tó bá ti kan owó, wọ́n mọ̀ mí bí ẹni mowó. Tó bá kan àìsàn fúnra ẹ̀, wọn ò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Màmá mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ó ní àtọ̀gbẹ, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, nígbà tó yá wọ́n tún ní kíndìnrín ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ tó mọ́. Torí náà ibi mẹ́ta là ń lọ. Ọ̀kan wà nítòsí ilé fún bípí àti ṣúgà, ọ̀kan wà níbi tó jìn tí dókítà kíndìnrín wà, a máa ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí kí ọ̀nà tó dùn ún rìn, ẹ̀yin náà ẹ kúkú mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí lágbègbè yìí àti ẹ̀rù àwọn ajínigbé tó wà níbẹ̀, ọ̀kan sì wà fún ojú. Káàdì mẹ́ta, fáìlì mẹ́ta, ọ̀kan ò mọ ohun tó wà nínú ìkejì. Ohun kan ṣoṣo tó ń lọ láti ibì kan dé ibì kejì ni èmi. Télọ̀ ni mí o, mi ò ka ìwé ìṣègùn, àmọ́ ọpọlọ mi ni fáìlì ìyá mi wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìgbà kan ẹsẹ̀ màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó wú débi pé tí mo bá fìka tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ á jìn wọnú, á pẹ́ kó tó kún padà, bàtà ẹ̀ ò wọ̀ ọ́ mọ́, sálúbàtà tí bàbá mi fi sílẹ̀ ló ń wọ̀ káàkiri ilé. A sọ fún dókítà, ó kọ oògùn tó ń múni tọ̀, furosemide, èyí tí gbogbo kẹ́mísì ń pè ní Lasix. Màmá ń tọ̀ tọ̀sán tòru, ẹsẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ fà, ó wá di pé tó bá ti dìde òòyì á kọ́ ọ, lọ́jọ́ kan ó ṣubú nídìí ilé ìwẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́, egungun ò ṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn tí mo ti fi omi gbóná jó o lára tó sì ti sùn, mo da gbogbo oògùn ẹ̀ jáde nínú ike bísíkíìtì tá a ń kó wọn sí, mo tẹ́ ẹní, mo tò wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe máa ń to bọ́tìnnì ní ṣọ́ọ̀bù, kò síná, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo wá ń ka lẹ́tà wínníwínní tó wà lára wọn. Orúkọ gàdàgbà tó wà níwájú páálí kálukú ọ̀tọ̀ ni, àwọ̀ wọn ọ̀tọ̀ ni, ọ̀kan pupa, ọ̀kan aláwọ̀ ewé. Àmọ́ nínú lẹ́tà kékeré ìsàlẹ̀, nǹkan kan náà ló wà lára méjèèjì: amlodipine 10mg. Amlodipine 10mg.

Ọsibítù àkọ́kọ́ kọ ọ́ fún bípí, ọsibítù kejì rí i pé bípí ṣì ga díẹ̀, àwọn náà kọ ọ́ lórúkọ míì, màmá wá ń lo 20 lójúmọ́ nígbà tó jẹ́ pé 10 ni òpin ẹ̀ fún àgbàlagbà. Mo pe àbúrò mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba lóru yẹn, òun ló là mí lóye pé oògùn yẹn gan-an máa ń mú ẹsẹ̀ wú, pàápàá tó bá ti pọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Oògùn ló wú ẹsẹ̀, wọ́n fi oògùn kejì lé wíwú yẹn, oògùn kejì gbẹ omi ara ẹ̀, bípí wálẹ̀ jù, òòyì dé, òòyì gbé e ṣubú. Ká ní egungun ìbàdí ẹ̀ kán ni, wọn ì bá tún kọ oògùn ẹ̀kẹta fún ìyẹn.

Mi ò dá yọ nǹkan kan o, mi ò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó máa dá yọ oògùn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo kó gbogbo páálí náà sínú ọ̀rá, mo gbé e lọ bá dókítà, ó wò ó títí, ó ní "Ha, mi ò mọ̀ pé wọ́n ti kọ ọ́ níbòmíì." Ó yọ ọ̀kan, ó ní ká padà wá lọ́sẹ̀ kejì, nígbà tó yá ó yọ Lasix náà. Kí oṣù tó parí màmá ti ń wọ bàtà ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣìkà nínú wọn, kálukú ṣe iṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ kó ṣe é nínú yàrá tiẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé oṣù mẹ́rin ni mo fi ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà àwọn yàrá yẹn pẹ̀lú ike oògùn lórí itan mi, kò sẹ́ni tó ní kí n ṣí i.

Ọ̀rọ̀ oògùn orúnkún náà ńkọ́. Orúnkún ti ń dun màmá tipẹ́, kẹ́mísì àdúgbò wa sì ti ń tà á ní diclofenac, ó ju ọdún méjì lọ tó ti ń lò ó, nígbà míì lójoojúmọ́. Oògùn yìí àti irú ẹ̀ bí ibuprofen lè ba kíndìnrín jẹ́, pàápàá fún àgbàlagbà tó ní bípí àti ṣúgà tó tún ń lo oògùn tó ń múni tọ̀. Dókítà bi í o, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ó ní "Màmá, ṣé ẹ ń lo oògùn míì nílé?" Màmá ní rárá. Kí ló dé tó fi ní rárá? Torí pé ní bí oṣù mélòó kan ṣáájú, ó jẹ́wọ́ fún nọ́ọ̀sì kan pé òun mu àgbo, nọ́ọ̀sì yẹn sì fi ariwo bọnu lójú gbogbo èrò, "ẹ̀yin ìyá wọ̀nyí, ẹ̀yin náà lẹ̀ ń pa ara yín, tó bá wá burú tán ẹ ó gbé e wá fún wa." Ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà, ìyá tí wọ́n ń kúnlẹ̀ kí nílé. Látọjọ́ náà, ohun tí wọ́n bá bi í, rárá ni. Ká ní mo wà nínú yàrá dókítà ni, ǹ bá ti sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tàbí kí n yọ páálí ẹ̀ hàn wọ́n. Ẹni tí wọ́n bá fi ìtìjú kàn lẹ́ẹ̀kan, kì í sọ tinú ẹ̀ mọ́, àìsàn tí wọ́n bá sì fi pamọ́ fún dókítà, báwo ló ṣe fẹ́ rí i?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ààwẹ̀. Oṣù kìn-ín-ní ọdún, gbogbo wa la mọ̀ pé ààwẹ̀ ni ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀ wa, ọlọ́jọ́ méje wà, ọlọ́jọ́ 21 wà. Màmá ò pa ààwẹ̀ jẹ rí látìgbà ọmọge. Ó ń lo glibenclamide nígbà yẹn, oògùn kékeré tó ń lé ṣúgà wálẹ̀, yálà èèyàn jẹun tàbí kò jẹ, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe, tí kíndìnrín ò bá sì lágbára, ó máa ń pẹ́ nínú ara ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó máa ń gbààwẹ̀. Kò sì sí ẹni tó sọ fún èmi. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ kẹta, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, òógùn tútù bò ó, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń sọ̀rọ̀ tí kò bára mu, àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, wọ́n rò pé ẹ̀mí kan ló gbé e. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹsẹ̀ lé e, ó ní ẹ wá ṣúgà, wọ́n pò ó mọ́ omi, ó rí i pé màmá ṣì lè gbé nǹkan mì kó tó fún un, nítorí ẹni tí kò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu o, ọsibítù ni kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún màmá ti mọ ibi tó wà. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ó sì yẹ kí wọ́n wo ilé kí wọ́n tó kọ oògùn: kí lẹ̀ ń jẹ, ìgbà wo lẹ̀ ń jẹ ẹ́, ta ló ń dáná fún yín, ṣé ẹ máa ń gbààwẹ̀. Ìbéèrè mẹ́rin tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà ńbẹ̀. Ẹ̀ka èdè Owé ni màmá ń sọ, Yorùbá inú ìwé yé e, Gẹ̀ẹ́sì ò yé e. Dókítà tá a bá lọ́jọ́ kan kì í ṣe ọmọ Yorùbá, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé kíndìnrín màmá ti wà ní ìpele kẹta. Ẹni tí wọ́n pè kó túmọ̀ ẹ̀, ọmọ tó ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù, ó ní "Màmá, wọ́n ní kíndìnrín yín ti bàjẹ́." Màmá ò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Lálẹ́ ó pè mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ aṣọ tó fẹ́ kí wọ́n fi sin òun. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó rí ẹni là á yé wa pé ìpele márùn-ún ló wà, ìkẹta wà láàárín, àti pé ọ̀pọ̀ ẹni tó wà níbẹ̀ kì í dé ìdí másínnì tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá ṣọ́ bípí àti ṣúgà wọn tí wọ́n sì jáwọ́ nínú àwọn oògùn ìrora yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìyá mi fi ń múra ikú sílẹ̀ nítorí gbólóhùn kan tí wọ́n túmọ̀ ní ìtúmọ̀kúmọ̀.

Ẹ̀yin olóòtú, òfin wà lórí èyí o, mi ò kàn ń bẹ̀bẹ̀ lásán. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí tí wọ́n bu ọwọ́ lù lọ́dún 2014, abala 23 ẹ̀ sọ pé ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn gbọ́dọ̀ sọ bí ara ẹ̀ ṣe rí fún un, irú ìtọ́jú tó wà, àǹfààní ẹ̀, ewu ẹ̀ àti iye tó máa ná an, níbi tó bá ti ṣeé ṣe kó jẹ́ ní èdè tó yé aláìsàn, kí wọ́n sì wo bí ìmọ̀ ìwé ẹ̀ ṣe mọ. Lọ́dún 2018, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà tún gbé ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn jáde, ẹ̀tọ́ láti gbọ́ bọ́rọ̀ ara ẹni ṣe rí lédè tó yéni wà nínú ẹ̀, ẹ̀tọ́ láti rí àkọsílẹ̀ ara ẹni náà wà níbẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, tó máa ń ṣe ọjọ́ ààbò aláìsàn ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án lọ́dọọdún, ohun tí wọ́n fi ṣe àkòrí ti ọdún 2023 ni pé kí wọ́n jẹ́ kí aláìsàn àti ẹbí ẹ̀ lọ́rọ̀ sọ nínú ìtọ́jú. Mélòó nínú wa ló mọ̀ ọ́n? Mo fẹ́ bẹ̀ yín, ẹ tẹ ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn yẹn ní Yorùbá sínú ìwé ìròyìn yín, ojú ewé kan péré, a ó gé e, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri.

Ẹnì kan lè sọ pé àwọn dókítà ò ráyè. Òótọ́ ni, mo sì ti rí i lójú ara mi. Púpọ̀ nínú wọn ti kó lọ sí òkè òkun, ẹyọ dókítà kan á máa rí èèyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní jẹun ọ̀sán, mo rí ọ̀kan rí tó ń sùn lórí ìjókòó pẹ̀lú pẹ́ẹ̀nì lọ́wọ́. Àwọn tó kù yìí, Ọlọ́run á bá wa dá wọn sí. Àmọ́ torí pé wọn ò ráyè gan-an ló ṣe yẹ kí wọ́n lò wá. Ta ló ń wọn ṣúgà nílé, ta ló ń fúnni lóògùn, ta ló ń wo ọgbẹ́ ẹsẹ̀, ta ló máa kọ́kọ́ rí i pé ojú aláìsàn ti yí padà? Ọjọ́ kan láàárín oṣù mẹ́ta ni dókítà ń rí màmá mi, èmi ni mo ni ọjọ́ tó kù. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Lábẹ́ igi máńgòrò yẹn la sì ti ń kọ́ ara wa níṣẹ́, mo fẹ́ kí àwọn ọ̀gá ọsibítù mọ̀ ọ́n. Obìnrin kan láti apá Ìjùmú ń tọ́jú ọkọ ẹ̀ tí rọpárọsẹ̀ mú ní apá ọ̀tún. Ó ń fi ṣíbí bu ògì sí i lẹ́nu nígbà tí ọkùnrin náà dùbúlẹ̀ gbọrọ, ó ń sín, ó ń wúkọ́, ojú ẹ̀ ń pọ́n. Èmi ni mo sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, kó kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì bóyá wọ́n ti wò ó pé ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kó gbé e jókòó dáadáa, nítorí ògì tó bá gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lè pa á kí rọpárọsẹ̀ tó pa á. Èmi náà lọ́wọ́ ìyàwó ilé kan ni mo ti gbọ́ ọ. Ibẹ̀ náà la ti mọ̀ pé ẹni tí kò lè yíra padà, ká máa yí i ní wákàtí méjì méjì kí ẹ̀yìn ẹ̀ má baà dégbò. Ohun tó yẹ kí wọ́n fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ́ wa nínú wọ́ọ̀dù, à ń fi ẹnu kó o fún ara wa níta, tí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ bá ṣi í sọ, gbogbo wa la ó ṣi í ṣe.

Dókítà kan wà tí mi ò lè gbàgbé, ọmọdébìnrin ni, mi ò rò pé ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Lẹ́yìn tó kọ oògùn tán, ó ní kí n fa àga mi sún mọ́ tòsí, ó wá ní "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ bẹ́ ẹ ṣe máa lo oògùn yìí tẹ́ ẹ bá délé, kí n lè mọ̀ bóyá mo ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa." Ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́, ó fi ẹ̀bi sọ́dọ̀ ara ẹ̀ kí ìtìjú má baà mú ìyá àgbàlagbà. Màmá ní "tórí bá ti ń fọ́ mi, màá lo ẹyọ kan." Ọdún mélòó ni màmá ti ń lo oògùn bípí, ìgbà tórí bá fọ́ ọ nìkan ló rò pé wọ́n ń lò ó! Dókítà yẹn ò pariwo, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún un sọ, ó ní bípí kì í kan ìlẹ̀kùn kó tó wọlé, ó lè ga kí orí má fọ́ rárá, torí náà ojoojúmọ́ ni. Ó tún ní kí màmá sọ ọ́ padà, màmá sọ ọ́, ó gbà á. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Látìgbà tí mo ti ń lọ sọ́sibítù, ẹ̀ẹ̀kan yẹn náà ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa.

Àbúrò mi ló sọ fún mi nípa ohun tí wọ́n ń ṣe ní England báyìí. Ọmọbìnrin ọdún 13 kan, Martha Mills, ṣubú lórí kẹ̀kẹ́, inú ẹ̀ fara pa, wọ́n dá a dúró lọ́sibítù, kòkòrò àìsàn wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Àwọn òbí ẹ̀ ń sọ pé ara ọmọ yìí ń burú sí i, wọn ò ka ọ̀rọ̀ wọn sí tó, ọmọ náà kú lọ́dún 2021. Nígbà tí wọ́n wádìí ẹ̀, ó hàn pé ó ṣeé ṣe kó yè ká ní wọ́n tètè gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó wà lẹ́sẹ̀ kan ayé ẹsẹ̀ kan ọ̀run. Ìyá ẹ̀ ò dákẹ́, ó jà fún un, nígbà tó di ọdún 2024 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní àwọn ọsibítù wọn tí wọ́n fi orúkọ ọmọ yẹn pè, pé tí ẹbí bá ti rí i pé ara aláìsàn ń yí padà tí wọn ò sì dá wọn lóhùn, wọ́n lè pe àwọn dókítà míì kí wọ́n wá fi ojú tuntun wò ó. Omijé bọ́ lójú mi nígbà tó ń sọ ọ́. Níbi tí nǹkan pé sí yẹn náà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ti ìyá ọlọ́mọ ni. Àwa ò ní irú owó tí wọ́n ní, mo mọ̀, ṣùgbọ́n etí ò ní ká lọ rà á lọ́jà.

Kí n má di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn ọsibítù, àwa ẹbí náà lẹ́jọ́ tiwa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Àbújá, òun ló ń fi owó ránṣẹ́, a dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ni gbogbo dókítà fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, òun ló ń pinnu, bẹ́ẹ̀ kò rí màmá láti ọdún Kérésì. Lọ́pọ̀ ilé, ẹni tó ń nu ìtọ̀ ni wọn kì í bi léèrè, ó lè jẹ́ ìyàwó ilé, ó lè jẹ́ ọmọ tí kò tíì lọ́kọ, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò jọ wọ́n lójú. A tún máa ń bẹ dókítà pé ẹ má sọ fún màmá o, ẹ̀rù á bà á. Àwa náà bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, mo sì ti kábàámọ̀ ẹ̀. Ọjọ́ kan màmá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní "Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lórí mi bíi pé mi ò sí níbí. Mi ò tíì kú o. Èmi ni mo ni ara yìí, èmi ni kẹ́ ẹ bi." Mo dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì, bí mo ṣe jẹ́ obìnrin tó. Àtọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ẹni àkọ́kọ́ tó yẹ kí gbogbo wa máa bi ni òun, lẹ́yìn náà èmi, lẹ́yìn náà ẹni tó lówó.

Ohun tá a ń ṣe báyìí rèé, bóyá á wúlò fẹ́nì kan. Mo ra ìwé àjákọ kan, mo so ó mọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ojú ewé àkọ́kọ́, orúkọ gbogbo oògùn ni, kì í ṣe orúkọ gàdàgbà iwájú páálí o, orúkọ kékeré ìsàlẹ̀ yẹn ni, bó ṣe tóbi tó, ìgbà tó ń lò ó, ta ló kọ ọ́, kí ló wà fún. Ojú ewé tó kàn, bípí àti ṣúgà ojoojúmọ́. Ẹ̀yìn ìwé, ìbéèrè. Tá a bá dé ọsibítù, dókítà kóòkan ni mò ń fi hàn, mo sì ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ohun tí wọ́n bá yí padà sí i. Àwọn kan kọ́kọ́ wò mí bíi pé mo fẹ́ fi ẹjọ́ wọn sùn ni. Ní báyìí, ọ̀kan nínú wọn máa ń na ọwọ́ kí n tó jókòó, á ní "ìwé dà?"

Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ wa àtàwọn tó ń darí ọsibítù kò tó ohun tí wọ́n ń gba awin lé lórí. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹnì kan péré, ẹni tí aláìsàn bá fúnra ẹ̀ tọ́ka sí, dúró tì í nígbà tí dókítà bá ń yíká wọ́ọ̀dù, tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti fẹ́ tú u sí ìhòòhò tàbí tó fẹ́ dá sọ ọ̀rọ̀ àṣírí ẹ̀, a ó yẹra. Kí wọ́n tó dá aláìsàn sílẹ̀ lọ ilé, kí ẹnì kan jókòó tì wá kó sì ní ká sọ ohun tá a gbọ́ padà. Kí wọ́n yéé pe ẹni tó bá rí láti túmọ̀, nọ́ọ̀sì tó gbọ́ Owé, tó gbọ́ Yàgbà, tó gbọ́ Bùnú wà nínú àwọn ọsibítù yẹn, kí wọ́n yan wọ́n sídìí ẹ̀, kó máa jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́. Kí wọ́n sì bá wa ṣe é pé kí wọ́n má fi ariwo gba ìjẹ́wọ́ lẹ́nu àgbàlagbà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ la tún ń lọ, aago mẹ́rin ìdájí náà ni. Mo ti kọ ìbéèrè mẹ́rin sẹ́yìn ìwé. Lálẹ́ àná màmá ní kí n fi ìkarùn-ún kún un, ó ní kí n bá òun kọ ọ́ gàdàgbà kí òun lè fọwọ́ ara òun tọ́ka sí i fún dókítà: tí iṣu tuntun bá dé, ṣé òun lè jẹ iyán, báwo ni òkèlè náà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, ẹ̀ẹ̀melòó sì ni lọ́sẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Télọ̀ kan tó ń tọ́jú ìyá ẹ̀,
Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí.